Òǹtẹ̀ Lára Ìwé Màmá Bódìjà

Ó ti di ọdún kọkànlá tí Ràfátù ti ń tẹ òǹtẹ̀ sára ìwé ní ilé ìkàwé ìjọba tó wà ní Òkè Àdó, kò sì tíì ka ọ̀kan ṣoṣo tán nínú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí bú u o. Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ni pé kó tẹ òǹtẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́, kó tẹ̀ ẹ́ sójú ewé kan láàárín níbi tí òǹkàwé kò ti ní tètè rí i, kó tẹ̀ ẹ́ sójú ewé tó kẹ́yìn, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ àpò káàdì mọ́ inú èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà sí i, kó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì fa òmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà débi pé ó lè máa ṣe é kó sì máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀fọ́ rírò fún ẹni tó jókòó tì í, òǹtẹ̀ kò sì ní wọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ.

Àwọn yòókù tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò sàn jù ú lọ. Luqman, tó ń jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yá ìwé, kì í ka nǹkan kan kọjá ẹ̀yìn ìwé ìròyìn, níbi tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sí. Abọ́sẹ̀dé, tó ń mójú tó yàrá àwọn ọmọdé, máa ń ní ojú ń yún òun bí òun bá ti ṣí ìwé. Gbogbo wọn ń ṣọ́ ìwé bí ẹní ń ṣọ́ oko olóko. Bí òǹkàwé bá wọlé, wọn á ní kó dákẹ́. Bó bá béèrè ìwé, wọn á fọwọ́ júwe pẹpẹ fún un. Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá sì dé, wọn á tilẹ̀kùn.

Ọdún 1995 ni wọ́n gbé Mísísì Tẹjúmọ́lá wá láti wá ṣe ọ̀gá wọn. Obìnrin kúkúrú ni, ara rẹ̀ kì í gbé ojú kan, ìró bàtà rẹ̀ ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ló pe gbogbo wọn jọ, ó ní kí oníkálukú sọ ìwé tó kà kẹ́yìn nípa iṣẹ́ tó ń ṣe. Luqman ló lanu nígbẹ̀yìn.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Àwa là ń tọ́jú ìwé. Àwọn ará ìta ló ń kà á."

Mísísì Tẹjúmọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó gbé òfin kalẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún òǹkàwé, gbogbo òṣìṣẹ́ á máa jókòó pọ̀ ní yàrá àwọn ọmọdé. Ẹnì kan á ti ka orí kan nínú ìwé tó dá lórí iṣẹ́ ilé ìkàwé, á sọ ọ́ fún àwọn tó kù ní Yorùbá tó yé ènìyàn, á sì sọ ohun tí òun fi í ṣe. Ẹni tó bá ní òun kà á tí kò sì rí nǹkan kan fi í ṣe, ọ̀gá ní kò tíì kà á nìyẹn.

Ìwé dà? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn ìwé iṣẹ́ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì, ikán ti jẹ ìdajì wọn, ìdajì yòókù sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ẹnì kan kò rí rí ní Òkè Àdó. Láti ìgbà tí náírà ti dojú bolẹ̀ ni ìwé òkè òkun ti dáwọ́ dúró. Ni Mísísì Tẹjúmọ́lá bá gba Bódìjà lọ, ọ̀dọ̀ Màmá Adéṣọlá, olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, tí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé ìkàwé n'Ìbàdàn ń pè ní Màmá Bódìjà. Màmá yìí ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn níṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, kì í jáde mọ́ àfi tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n yàrá kan wà nínú ilé rẹ̀ tó kún fọ́fọ́ fún ìwé iṣẹ́ náà, tó ń rà bọ̀ láti gbogbo ibi tó ti rìnrìn-àjò dé. Ìgbà kan wà tó ń yá àwọn ènìyàn. Ọ̀kan padà wá pẹ̀lú epo pupa, òmíràn padà wá pẹ̀lú ìlà bírò lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, òmíràn kò tilẹ̀ padà wá rárá. Bí Màmá ṣe ti yàrá náà pa nìyẹn, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró.

Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ títí kí Màmá tó mú ìwé kan jáde, aláwọ̀ búlúù, tó nípọn níwọ̀nba.

"Jọlá," ó ní, torí orúkọ tó fi ń pè é láti ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, "bí mo ṣe gbé e fún ọ yìí ni kó o ṣe gbé e padà fún mi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wàá gba òmíràn, wàá sì tún gba òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ohunkóhun lára rẹ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo fi síbẹ̀, ilẹ̀kùn yìí kò ní ṣí fún ọ mọ́."

Báyìí ni Ọjọ́bọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Orí àga àwọn ọmọdé ni wọ́n ń jókòó sí, orúnkún Luqman ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ojú kò sì yún un. Luqman tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó sùn, ó ya òun pàápàá lẹ́nu. Orí kẹta wá bọ́ sọ́wọ́ Ràfátù.

Kò kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó gbé ìwé náà lọ sábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ilé, ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán ná, ó fọwọ́, ó nù ún gbẹ nítorí ọ̀rọ̀ epo pupa ìjọ́sí, ó wá ṣí i. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le bí ẹ̀kùrọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kà á síwájú díẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn kúrò lára igi. Ohun tí ìwé náà ń wí ni pé ohun tí òǹkàwé bá kọ́kọ́ béèrè kì í sábà jẹ́ ohun tó ń wá gan-an. Ojú lè máa tì í, ó lè má mọ orúkọ ohun náà, ó sì lè jẹ́ pé kò fẹ́ yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu. Nǹkan gbàràmù-gbaramu ni á máa béèrè nígbà tó jẹ́ pé nǹkan kékeré kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ẹni tó bá wá fọwọ́ júwe pẹpẹ fún un kò tíì dá a lóhùn. Ìwé náà ní kí òṣìṣẹ́ rọra bi í: kí lẹ fẹ́ mọ̀ gan-an?

Ràfátù pa ìwé náà dé, ó tún un ṣí, ó tún ibẹ̀ kà. Gbogbo ojú tó ti rí láti ọdún mọ́kànlá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú rẹ̀, gbogbo àwọn tó ti fọwọ́ júwe pẹpẹ fún, tí wọ́n dúpẹ́, tí wọ́n lọ wo pẹpẹ náà díẹ̀, tí wọ́n sì jáde. Inú rẹ̀ bàjẹ́, inú rẹ̀ tún dùn, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló borí. Ó ṣe é bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé yàrá kan tún wà nínú ilé tó ti ń gbé láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná, ó fẹ́ kí òǹkàwé kan wọlé báyìí-báyìí.

Bàbá Àlàó ló wọlé. Bàbá yìí fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀sẹ̀ kan tí kì í yọjú. Átíláàsì ló máa ń béèrè, ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ ayé sí. Wọn á gbé e fún un, á máa ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé, á pa á dé, á kí wọn, á sì máa lọ. Luqman ti sọ pé àfàìmọ̀ kí bàbá náà má fẹ́ ra ilẹ̀ lókè òkun.

Ràfátù gbé átíláàsì fún un. Kàkà kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó tì í.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń wá nínú ìwé yìí gan-an?"

Bàbá wò ó títí. Ó jọ pé ẹnì kan kò bi í rí.

"Ọmọ mi ọkùnrin ni," ó ní. "Ó wà nílùú Ọba, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Hull. Ó sọ fún mi lórí tẹlifóònù pé ibẹ̀ kò jìnnà sí òkun. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe jìnnà sí wa tó ni. Mo ti fojú tọ etí òkun yẹn títí, n kò rí i."

Ràfátù ṣí ẹ̀yìn átíláàsì fún un, níbi tí wọ́n to orúkọ ìlú sí láti A dé Z. Bàbá kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó tẹ ìwé ló pè é. Àwọn méjèèjì jọ wá Hull, wọ́n rí i, wọ́n ṣí ojú ewé tí wọ́n júwe fún wọn. Òun nìyẹn, kóńkóló lẹ́nu odò kan. Bàbá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí Ràfátù ṣí ibi tí gbogbo ayé ti wà lójú kan, ó gbé ìka kan lé Ìbàdàn, ó na òmíràn lọ sókè.

"Ìka ọwọ́ mi gbé e já," ó ní. "Àṣé kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀." Ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ràfátù bí ẹni pé òun ló gbé ilé ọmọ rẹ̀ sún mọ́ tòsí.

Ràfátù kò mọ bó ṣe délé ní Challenge lọ́jọ́ náà. Ó sọ ọ́ fún obìnrin tó jókòó tì í nínú takisí. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó tún un sọ, títí ọkọ rẹ̀ fi ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun gbé òkèlè yìí mì. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan wá béèrè ìwé òfin. Ràfátù rọra bi í, ó wá hàn pé ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá onílé láṣẹ láti ṣí páànù lé òun lórí nítorí pé àwọn jọ jà. Ràfátù bá a wá ibi tí ọ̀rọ̀ ilé ìyálò wà, wọ́n jọ kà á, obìnrin náà sì jáde pẹ̀lú àyà gbàgbà. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n Ràfátù ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí wọ́n ń bi náà lè béèrè. Ó wá ń retí Ọjọ́bọ̀ bí ọmọdé ṣe ń retí Iléyá.

Ayọ̀ yìí ló sì kó bá a.

Ní ọjọ́ Ajé, ìjọ kan fi páálí ìwé kan ta ilé ìkàwé lọ́rẹ. Ràfátù to wọn sórí tábìlì, ó gbé ìwé búlúù náà sítòsí kó lè rí i kà bí ọwọ́ bá dilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Luqman wá fara ti tábìlì rẹ̀. Kí ló tún kù, ìtàn Bàbá Àlàó náà ni.

"Mo wá fa àga," Ràfátù ń wí, ó tẹ òǹtẹ̀, gbà, "mo jókòó tì wọ́n, mo ní, Bàbá, kí lẹ ń wá gan-an," gbà, ó ṣí àárín, ó tún tẹ̀ ẹ́, "Luqman, bàbá yẹn kàn ń wò mí ni," gbà, ó fa gọ́ọ̀mù, ó lẹ àpò káàdì, "ojú tí wọ́n fi wò mí, títí n ó fi kú..."

Luqman tó ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Abẹ́ ọwọ́ Ràfátù ló ń wò.

"Ràfátù, ìwé wo lo mú yẹn?"

Búlúù ni. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Òǹtẹ̀ ti wà níwájú, ó wà láàárín, ó wà lẹ́yìn, ó hàn kedere, kò sì wọ́ rárá: orúkọ ilé ìkàwé ìjọba, Òkè Àdó, àti ọjọ́ òní. Àpò káàdì ti lẹ̀ típẹ́típẹ́. Nọ́ńbà pàápàá, ó ti kọ ọ́.

Luqman ní kí wọ́n fi abẹ fá a. Ó tún ní bóyá kí wọ́n rọra fa àwọn ewé náà yọ. Ràfátù gbé ìwé náà, ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ.

Mísísì Tẹjúmọ́lá ṣí i, ó wò ó, ó sì jókòó. Láti ìgbà tó ti dé ilé ìkàwé náà, ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i tí kò rìn káàkiri.

"Màmá kò ní yá wa níwèé mọ́," ó ní. "Ọjọ́bọ̀ wa ti parí nìyẹn."

Ìbáwí ni Ràfátù ń retí, ìbáwí ì bá sì sàn. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè parí yìí, èyí tó kàn án gan-an, èyí tó ti ń fi oúnjẹ dun ọkọ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Kì í sì í ṣe orí kẹta nìkan. Ó ti yọjú wo orí kẹrin, ó ti rí i pé yàrá yẹn tún já sí yàrá mìíràn. Gbogbo yàrá ìwé tó wà ní Bódìjà ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ tì í.

"Mà, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fún wọn fúnra mi."

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

"N ò mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin bá lọ, wọ́n á rò pé ẹ̀yin lẹ ò tọ́jú ìwé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tó ṣe é."

Ọ̀gá wò ó, ó sì júwe ilé Màmá fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ràfátù wọ takisí láti Òkè Àdó, ó fi ìborùn wé ìwé náà, ó gbé e lé itan. Nígbà tí wọ́n dé Dùgbẹ̀, ó ti to ẹ̀bẹ̀ kan tó dára jọ, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ikú àti àìsàn ó sì parí sórí àdúrà. Ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wọn dúró, awakọ̀ ń bá ẹnì kan jà lójú fèrèsé, nígbà tí wọ́n sì fi dé Mọ́kọ́lá, ó ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n kọjá Sẹkitéríàtì, ó ti gbàgbé ìparí rẹ̀ pẹ̀lú.

Màmá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Obìnrin gíga ni, irun rẹ̀ funfun báláú, ó fi okùn so awò ojú kọ́rùn. Ràfátù kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Láti láíbìrì Òkè Àdó ni. Ìwé yín ni mo gbé wá." Màmá na ọwọ́, ṣùgbọ́n Ràfátù kò tíì fi ìwé náà sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo ti ṣe nǹkan sí i lára."

Màmá gbà á, ó gbé e lọ sídìí fèrèsé, ó wọ awò ojú. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó wò ó. Ó ṣí àárín, ibi tí òǹtẹ̀ wà gan-an, láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. Ó ṣí ẹ̀yìn, ó fi àtàǹpàkò tẹ àpò káàdì wò.

"Ta ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí?"

"Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀, mà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì."

"Kò wọ́," Màmá ní. "Gọ́ọ̀mù ò sì yọ síta." Ràfátù kò mọ̀ bóyá ìyìn nìyẹn tàbí ìgbátí ló ń bọ̀. "Kí ló wá gbé ọkàn rẹ lọ tó bẹ́ẹ̀ tó ò fi mọ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Orí kẹta ni, mà."

"Orí kẹta ibo?"

"Inú ìwé yìí kan náà, mà."

Màmá jókòó, ó gbé ìwé náà lé itan. "Sọ ọ́ fún mi," ó ní.

Ràfátù fi ìbẹ̀rù bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dórí Bàbá Àlàó, ẹ̀rù náà fò lọ níbi tó fò gbà. Ó fa tíréè tó wà lórí tábìlì Màmá, ó sọ ọ́ di átíláàsì, ó fi ìka wọn Ìbàdàn dé Hull lórí rẹ̀. Ó sọ ti obìnrin tí onílé fẹ́ ṣí páànù lé lórí. Ó ní bí òun bá ronú kan àwọn tí òun ti júwe pẹpẹ fún láti ọdún mọ́kànlá wá, ó ń ṣe òun bíi kí òun sáré jáde lọ pè wọ́n padà lójú títì Ring Road lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti dìde dúró kó tó mọ̀ pé òun ti dìde. Ló bá sáré kúnlẹ̀ padà.

Nígbà tí Màmá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Orí yẹn ni mo fi kọ́ wọn ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n yege. Ìwọ lo kọ́kọ́ wá bá mi nílé láti sọ ohun tó o fi í ṣe." Ó nu awò ojú rẹ̀. "Dìde ńlẹ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Fi ìwé náà sílẹ̀, kó o máa lọ."

Ràfátù dúpẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó mú báàgì rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Nǹkan kan ń yọ ọ́ lẹ́nu, ohun tí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ti mọ̀ láti ọdún mọ́kànlá wá.

"Mà," ó ní, "kò lè dúró síbí."

"Kí ni kò lè dúró síbí?"

"Ìwé yẹn, mà. Ó ti ní òǹtẹ̀, ó ti ní nọ́ńbà. Ìwé láíbìrì kì í wà nílé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a yá a fún un, ẹ ò sì tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán ló ń wá ibi tí ilẹ̀ á ti lanu gbé e mì. Èjìká Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi tí Màmá fi di àga mú, ó jọ ẹ̀rín tó ti pẹ́ nínú ilé yẹn tí kò rí ọ̀nà jáde.

"Òótọ́ lo sọ," ó ní. "Èmi ni mo fi òfin yẹn kọ́ ọ̀gá rẹ. Ó dáa, kọ orúkọ mi sílẹ̀, kó o yá mi."

"Láíbìrì la ti ń forúkọ sílẹ̀, mà. Ẹni tó bá fẹ́ yá ìwé gbọ́dọ̀ yọjú fúnra rẹ̀."

"Ìyẹn náà, èmi ni mo fi kọ́ wọn," Màmá wí, ó sì na ìwé náà sí i.

Nígbà tí Mísísì Tẹjúmọ́lá rí Ràfátù tó wọlé pẹ̀lú ìwé búlúù lábẹ́ abíyá, àyà rẹ̀ já.

"Wọn ò gbà á?"

"Wọ́n gbà á, mà. Wọ́n ní kí n máa gbé e bọ̀. Wọ́n á wá yá a."

"Ìwé ara wọn?" Luqman béèrè.

"Ìwé wa," Ràfátù dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n Màmá kò sọ ọjọ́ tó ń bọ̀, kò sì mẹ́nu kan yàrá tó tì pa. Ọ̀gá mi orí, ó ní Màmá kì í jáde mọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́kàn lé e. Ràfátù gbọ́, kò sì yé gbọ́kàn lé e.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n jókòó sórí àwọn àga kéékèèké náà. Ràfátù bẹ̀rẹ̀ orí kẹta. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa àga láti jókòó ti Bàbá Àlàó nínú ìtàn rẹ̀ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Awakọ̀ takisí kan ló kọ́kọ́ wọlé, ó gbé páálí kan lérí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Màmá Bódìjà ló tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àga ọmọdé kan sì tẹ̀ lé Luqman dìde. Mísísì Tẹjúmọ́lá sáré lọ gbé àga ọ́fíìsì, Màmá ní rárá, ó wá àga kékeré kan, ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀.

"Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ," ó wí fún Ràfátù.

Ràfátù sọ ọ́ dé òpin. Màmá gbọ́ ọ tán, ó wá bi í léèrè: "Bí òǹkàwé kò bá wá fẹ́ kó o mọ ohun tí òun ń wá ńkọ́?" Ó di àríyànjiyàn. Luqman ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, Abọ́sẹ̀dé ní rárá, kí wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe wá a fúnra rẹ̀, ọ̀gá dá sí i, Ràfátù já lu ọ̀rọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá kò sì rántí bínú. Àfìgbà tí ọ̀pá Bàbá Àlàó ń lu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ni wọ́n mọ̀ pé àkókò ìṣílẹ̀kùn ti kọjá. Kò ṣẹlẹ̀ rí ní ilé ìkàwé yẹn pé ọ̀rọ̀ ìwé ló dá wọn dúró.

Ràfátù kọ orúkọ Màmá sílẹ̀, ó kọ káàdì fún un, ó yá a ní ìwé búlúù, ó sì tẹ ọjọ́ ìdápadà sí i. Màmá gbé e sókè, ó yẹ ọjọ́ náà wò fínnífínní, ó ní ó tọ́.

Páálí ṣì wà lórí tábìlì. Ràfátù ṣí i. Ìwé iṣẹ́ ló kún inú rẹ̀, ọ̀kan lórí òmíràn, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ pupa, gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Ó mú èyí tó wà lókè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń dá lọ síbi òǹtẹ̀ kó tó mọ̀, ó sì fà á padà.

"Mà," ó ní, "ṣé kí n tẹ̀ wọ́n?"

Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà, ìwé tó yá wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Kà wọ́n ná," ó ní.

Ràfátù ti òǹtẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa àga, ó sì ṣí ojú ewé àkọ́kọ́.